Ọjọ́ tí Ìjàpá So Ààlè sí Etí Odò

Ààlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi!

Ààlọ̀, Ìyá Àgbà!

Àlọ́ mi rìn gbẹ̀rẹ̀, ó rìn gbẹ̀rẹ̀, ó dé etí odò, ó bá Ìjàpá ọ̀kánjúwà àti Akàn tí kò mọ ẹ̀rù.

Ní ọdún kan, ọ̀dá dá. Gbogbo odò gbẹ, àfi ẹyọ kan. Ni Ìjàpá bá jí ní kùtùkùtù, ó kó àkísà pupa, àgékù ìgbálẹ̀ àti ṣùkù àgbàdo, ó so wọ́n mọ́ igi yí odò náà ká. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ààlè nìyẹn: ẹni tó bá rí i tó sì fọwọ́ kan nǹkan náà, olè ni.

Kí n má parọ́, ọgbọ́n ọ̀hún dùn mọ́ èmi alára! Erin dé, ó rí àkísà, ó yí padà tòun ti òùngbẹ. Ẹfọ̀n dé, ó ń bẹ̀bẹ̀.

Ìjàpá ní, "Dọ̀bálẹ̀ ná. Kábíyèsí ni kí o máa pè mí."

Ẹfọ̀n gìrìwò dọ̀bálẹ̀ gbalaja! Ìjàpá bu omi ẹ̀kúnwọ́ kan fún un.

Ó wá ku Akàn, tó ń gbé inú ihò létí omi pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ wẹ́wẹ́.

"Akàn, kó ẹrù rẹ jáde. Ṣé o ò rí ààlè ni?"

"Mo rí i. Ohun tí èèyàn ní ló ń so ààlè sí. Ìgbà wo lo gbẹ́ ihò yìí?"

"Ìwọ tí mo lè fi ẹsẹ̀ kan tẹ̀ pa!"

"Ó yá, wá tẹ̀ mí. Bí a bá jáde, oòrùn á pa àwọn ọmọ mi. Mi ò lọ."

Akàn dúró sẹ́nu ihò, ó na ọwọ́ rẹ̀ ńlá sókè. Háà, ẹ̀yin ọmọ, akíkanjú nìyẹn! Mo fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn.

Ìjàpá na ọrùn wọ inú ihò láti fa àwọn ọmọ náà jáde. Wàì, Akàn gbá imú rẹ̀ mú.

"Yéè! Imú mi o!"

"Tú ààlè rẹ."

"Màá tú u lọ́la."

Akàn fún imú náà sí i.

"Mo ti ń tú u! Mo ti ń tú u!"

Bí Ìjàpá ṣe ń ti igi bọ́ sí igi nìyẹn, tí Akàn rọ̀ mọ́ ọn nímú, tí Kábíyèsí ń fọwọ́ ara rẹ̀ tú ààlè tó so. Ẹfọ̀n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tí àkísà tó kẹ́yìn já bọ́ ni Akàn tó fi í sílẹ̀, gbogbo ẹranko sì mu omi yó.

Láti ọjọ́ náà ni Akàn ti ń dúró sẹ́nu ihò rẹ̀, tó ń na ọwọ́ sókè sí ẹni tó bá ń bọ̀, bó ti wù kí onítọ̀hún tóbi tó. Ìjàpá ní tirẹ̀, bó bá ti gbúròó ẹsẹ̀ lásán, á ti yára fa orí wọlé, torí imú.

Ibi tí mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀ sí rè é. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí Akàn wá gbá mi lẹ́nu mú.