Ọ̀yà àti Àgbàdo Tí Ìlú Kó Fún Erin

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi yí gbirigbiri bí ẹsẹ̀ mọ́tò, kò dúró lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ọ̀dọ̀ Erin tó ń kan mọ́tò àti Ọ̀yà tó ń hun agbọ̀n ló dúró sí. Dúródọlá, gbé ẹsẹ̀ kúrò lára ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Ìyá Àgbà, ṣé mọ́tò wà láyé ìgbà yẹn?"

"Ṣé ìwọ lò ń pàlọ́ ni àbí èmi? Ó wà."

Ní ìgbà kan rí, ní ìlú kan tí ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbé, Erin ní ilé iṣẹ́ ńlá tó ti ń kan mọ́tò. Ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ló ní. Ìkookò ń lu irin, Pẹ́pẹ́yẹ ń kun ọ̀dà, Ọ̀bọ ń to gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ara rẹ̀ ni Erin fi ń kan mọ́tò. Ó ga, ó fẹ̀, ó ń mu epo bí ẹni mu omi, kò sì lè gba àárín ilé méjì kọjá. Nígbà tí àwọn ará ìlú kejì kó mọ́tò pẹ́ńpẹ́ wá, tiwọn ni gbogbo ayé ń rà. Ti Erin wà nílẹ̀, adìyẹ ń yé sínú rẹ̀. Fún oṣù mẹ́ta, Erin ò rí nǹkan kan fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀.

"Adìyẹ ń yé sínú mọ́tò?"

"Ó tún ń pa ẹyin náà níbẹ̀ pẹ̀lú."

Àká kan wà ní ìlú náà. Bí ìkórè bá dé, ilé kọ̀ọ̀kan á gbé agbọ̀n àgbàdo kan síbẹ̀ nítorí ọjọ́ ìyàn. Àká yìí ni Erin ní kí wọ́n ṣí fún òun. Ọba Arójòjoyè, tí í ṣe ènìyàn bíi tiwa, pe ìlú jọ kí wọ́n gbìmọ̀ràn.

Ọ̀bọ ló kọ́kọ́ dìde. "Kábíyèsí, bí Erin bá ṣubú, ìkòkò ọgọ́rùn-ún ilé ni kò ní gorí iná. Ìyàn wo ló tún ju ìyẹn lọ?"

Ni Ọ̀yà bá dìde. Òun ló ń hun agbọ̀n fún gbogbo ìlú, òun àti Òkété àbúrò rẹ̀ àti ọmọ méjì. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, iná jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kanlẹ̀.

"Kábíyèsí, ẹni tó kan mọ́tò tí kò gba ojú ọ̀nà, ẹjọ́ ta ni? Nígbà tí iná jó èmi, gbogbo yín wá, ẹ ní ẹ kú ewu iná, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ gba ilé yín lọ. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Tèmi jó, eérú ló bù sí i."

Ọba ní, "Ọ̀yà, ẹ̀yin mélòó lẹ ń jẹ nínú iṣẹ́ rẹ?"

"Àwa mẹ́rin ni, Kábíyèsí."

Ni gbogbo ààfin bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ Ọ̀yà lára, kò sì jáde mọ́.

Ọba pàṣẹ kí wọ́n kó ọgọ́rùn-ún agbọ̀n àgbàdo fún Erin. Ó ní kí Erin máa kan mọ́tò kékeré tí ìlú lè lò, kó sì dá àgbàdo náà padà láàárín ìkórè mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ru àgbàdo yìí kọjá níwájú ilé Ọ̀yà. Agbọ̀n tí wọ́n fi rù ú, Ọ̀yà ló hun gbogbo rẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ó dùn ún gan-an."

"Ó dùn ún, ọmọ mi. Mo mọ owú dáadáa. Ọdún tí bàbá bàbá yín gbé ìyàwó kejì wọlé, tó ra bẹ́ẹ̀dì tuntun fún un, mo ń gbọ́ òórùn igi tuntun náà láti yàrá tèmi. Ẹ jẹ́ ká máa bọ̀ nídìí àlọ́. Ẹ bá mi gbe orin tí Ọ̀yà kọ."

*Erin ṣubú, wọ́n gbé e dìde,*
Kẹ̀ǹgẹ́!
*Ọ̀yà ṣubú, wọ́n kí i, wọ́n lọ,*
Kẹ̀ǹgẹ́!
*Ẹnu tó pọ̀ ni wọ́n ń kà nílùú,*
Kẹ̀ǹgẹ́!
*Èmi náà á wá ẹnu kún ẹnu,*
Kẹ̀ǹgẹ́!

Bó ṣe kọrin tán, ó bọ́ sí ìta. Ó gba Asín síṣẹ́, ó gba Ẹmọ́, ó gba Ọ̀kẹ́rẹ́, ó gba gbogbo ìdílé eku, títí wọ́n fi pé ọgọ́rùn-ún.

Òkété ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ta ló fẹ́ ra agbọ̀n tí ọgọ́rùn-ún èèyàn hun?"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìlara mi lò ń ṣe."

Wọ́n ń hun, wọ́n ń hun. Agbọ̀n kún ilé, ó kún ìta, ó dí ojú fèrèsé. Ìlú ti ra èyí tó tó wọn. Ọ̀yà fi àgbàdo tirẹ̀ bọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tó tán, wọ́n jẹ irúgbìn. Ọjọ́ tí irúgbìn tán, inú Ọ̀yà dùn. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó gba ààfin lọ.

"Kábíyèsí, mo ti ṣubú."

"Ẹ̀yin mélòó?"

"Ọgọ́rùn-ún géérégé."

Ọba ò rẹ́rìn-ín. Ó mú un lọ́wọ́ lọ sí ìdí àká, ó ṣí ilẹ̀kùn. Háríhá àgbàdo díẹ̀ ló wà nílẹ̀.

"Erin ti ń kan mọ́tò kékeré," ni Ọba wí. "Wọ́n ti ń rà á. Ṣùgbọ́n kò tíì dá agbọ̀n kan padà. Nígbà tí iná jó ọ, agbọ̀n mẹ́ta ì bá ti tó ọ. N ò fún ọ, ẹ̀bi mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n mẹ́rin lẹ jẹ́ níjọ́sí, Ọ̀yà. Ẹ sì ń yó."

Ọ̀yà padà sílé. Àwọn òṣìṣẹ́ ti dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́.

"Ìyá Àgbà, ọba ló jẹ̀bi."

"Ó jẹ̀bi, Dúródọlá. Ìlú tó bá ń gbé ẹni ńlá nìkan dìde, òun ló ń kọ́ kékeré lówú. Ṣùgbọ́n ọba ò jẹ irúgbìn Ọ̀yà. Owú ló jẹ ẹ́. Ẹ má ṣe tìtorí ohun tí wọ́n fún ẹlòmíràn ba èyí tí ẹ ní lọ́wọ́ jẹ́. Ibi tí àlọ́ mi sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí rèé. Bí mo bá parọ́, kí eyín mi má lè rún àgbàdo sísun lọ́dún yìí. Bí n ò bá parọ́, kí ẹ dá mi lóhùn kó dún dé ilé kejì."

"Hóò!"