Ọkọ̀ Òfurufú tí Gbádéró Gbẹ́

Ní ìlú Ìgbájọ, káfíńtà kan wà tó ń jẹ́ Gbádéró. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni, ó ti ní ọmọ-ọmọ, ewú sì ti gba orí rẹ̀. Látúnjí, bàbá rẹ̀, ṣì wà láyé. Nígbà tí ara bàbá yìí ṣì le, òun ló ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú ajagun ṣe ní àgọ́ ológun kan lókè Ọya, iṣẹ́ náà ló sì fi tọ́ Gbádéró dàgbà. Ṣùgbọ́n ojú bàbá ti ń ṣú. Dókítà ní kí ọdún tó parí, kò ní ríran mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni bàbá ń fẹ́: kó tún rí ọkọ̀ kan tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ nígbà náà. "Gbádéró, ká ní mo lè fojú kan ọkọ̀ mi yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i!"

Káfíńtà kò kúkú lè ra ọkọ̀ òfurufú. Igi ló ní. Ó gé igi ọmọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Bàbá ń pe ìwọ̀n láti orí, ọmọ ń sọ ọ́ di kékeré: ẹsẹ̀ bàtà kan di ààbọ̀ íǹṣì. Ó gbẹ́ apá, ó gbẹ́ ìrù, ó gbẹ́ ìbọn abẹ́ apá, ó fi sáńpépà fá gbogbo rẹ̀ títí ó fi jọ̀lọ̀. Oṣù méjì gbáko ló gbà á.

Ọ̀dà ló kù. Aláwọ̀ ewé tó dúdú díẹ̀, èyí tí bàbá wí, kò sí lọ́jà, àfi lọ́dọ̀ Alàgbà Ṣínáyọ̀mí, arúgbó tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ sára ọkọ̀ akẹ́rù tẹ́lẹ̀. Ahun paraku ni. Gbádéró bẹ̀ ẹ́ títí kó tó bu díẹ̀ sínú agolo mílíìkì, tó gbé e fún un bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín rẹ̀.

"Gbà. Má sì padà wá tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́ o!"

Ọ̀dà náà ti ki, awọ ti bo ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n Gbádéró sẹ́ ẹ, ó fi kun ọkọ̀ náà láti imú dé ìdí, ó sì kárí. Ohun tó wá dè é mọ́lẹ̀ ni nọ́ńbà ara ìrù, méjìlélógún, tí bàbá fi ń dá ọkọ̀ tirẹ̀ mọ̀ láàárín àwọn yòókù. Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn ni káfíńtà ní. Ìgbà mẹ́ta ló kọ ọ́, ìgbà mẹ́ta ló nù ún kúrò. Ó mọ ẹni tó lè kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni náà ti ní kó má padà wá. Ó gba kámú, inú rẹ̀ sì bàjẹ́.

Síbẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wẹ̀, ó dé fìlà, ó gba ilé Alàgbà lọ. Bí ìyá rẹ̀ ti tọ́ ọ nìyẹn: ẹni tó bá ṣe ọ́ lóore lánàá, òun ni kí o kọ́kọ́ lọ kí láàárọ̀. Alàgbà rí i lókèèrè, ó figbe ta.

"O tún ti dé? Ọ̀dà ti tán!"

Gbádéró dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Rárá o, bàbá. Mo wá kí yín kú oore àná ni. Ó kárí o. Ẹ ṣeun, ẹ ò ní ṣe aláìní."

Alàgbà wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá agolo wà níbẹ̀. Kò sí. Gbádéró dìde, ó sì ń lọ sílé rẹ̀.

"Dúró ná." Ohùn arúgbó náà ti rọ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń fún ènìyàn lọ́dà, ẹni tó bá padà wá, òmíràn ló ń wá. Ìwọ nìkan lo wá kí mi lásán. Kí lo tiẹ̀ fi kùn?"

Gbádéró sọ ti ọkọ̀, ó sọ ti ojú bàbá rẹ̀ àti nọ́ńbà tó kù. Kò tọrọ nǹkan kan. Kó tó parí ọ̀rọ̀, Alàgbà ti wọlé lọ mú ọ̀dà funfun àti búrọ́ọ̀ṣì onírun ọ̀kẹ́rẹ́ tí kò jẹ́ kí ọmọ bíbí inú rẹ̀ fọwọ́ kàn rí. Nígbà tí wọ́n dé ilé Gbádéró, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kọ nọ́ńbà náà sára ìrù, ó sì gún régé.

Wọ́n gbé ọkọ̀ náà fún Látúnjí lẹ́nu fèrèsé, níbi tí oòrùn wà. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Méjìlélógún," ló wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ọkọ̀ mi nìyí. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin méjèèjì. Ojú mi ti rí i. Bó bá wá fẹ́ ṣú, kó máa ṣú."

Alàgbà Ṣínáyọ̀mí kò yé ròyìn káàkiri ìlú pé, "Ọmọdé kan wá kí mi kú àná!" Lójú ẹni tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kí ni ewú Gbádéró jámọ́? Àwọn kan á ní òwe tó ti ibẹ̀ jáde ti pẹ́ ju ọkọ̀ òfurufú lọ. Èmi ò bá wọn jà. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa ni pé ẹnu Alàgbà yìí ni àwọn àgbà ti gbà á, tí wọ́n fi ń pòwe títí dòní pé: bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, yóò rí òmíràn gbà.