Bàbá Oníwọ̀n àti Fóònù Olówó Pọ́ọ́kú

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí wọ́n ti ń ṣe kòkó, iṣẹ́ ìwọ̀n ni ó ń ṣe. Bí àwọn àgbẹ̀ bá ti sá kòkó wọn gbẹ, tí wọ́n dì í sínú àpò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá kí àwọn tí ń rà á tó fọwọ́ kàn án. Òṣùwọ̀n rẹ̀ rọ̀ sábẹ́ páànù níwájú ilé, irin gígùn kan tí ó ní ìkọ́ nísàlẹ̀. Láràárọ̀, kí ó tó wọn ti ẹnikẹ́ni, yóò kọ́kọ́ gbé irin kan tí ó mọ ìwọ̀n rẹ̀ kọ́ ọ, láti mọ̀ bóyá òṣùwọ̀n náà ṣì ń sọ òótọ́. Ó ti tó ọdún méjìdínlógójì tí ó ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bá a jiyàn rí tí ó borí, nítorí ọkùnrin náà lágídí, òṣùwọ̀n rẹ̀ sì tọ̀nà. Bàbá Oníwọ̀n ni gbogbo ìlú ń pè é.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni ó bí, Ìbídùn ni orúkọ rẹ̀. Ìbídùn ń bá ọkọ rẹ̀ gbé ní ìlú kan lókè ọ̀hún, ìrìn ọjọ́ kan àtààbọ̀ nínú mọ́tò. Nígbà tí oyún rẹ̀ di oṣù kẹsàn-án, ìyá rẹ̀ di ẹrù, ó lọ dúró tì í. Bàbá kò lè lọ. Àpò kòkó kan ti já lù ú lẹ́yìn ní oṣù tí ó ṣáájú, dókítà sì ti wí fún un pé bí ó bá fi ẹ̀yìn yẹn jókòó nínú mọ́tò ju wákàtí kan lọ, kí ó má wá bá òun mọ́.

Ìbídùn bí obìnrin. Inú Bàbá dùn débi pé ó wọn àpò kan lẹ́ẹ̀mejì, kò sì mọ̀. Àwẹ̀ró ni oríkì ìyá tirẹ̀, tí ó kú lẹ́yìn tí wọ́n ti bí Ìbídùn, ó sì ti pẹ́ tí Bàbá ti ń retí ọmọbìnrin tí yóò fún ní oríkì náà. Ṣùgbọ́n ní ilé tiwọn, ẹni tí kò bá fojú rí ọmọ kì í sọ ọ́ lórúkọ. Bàbá rẹ̀ kò rú òfin yẹn rí, bàbá bàbá rẹ̀ kò rú u. Bí àsìkò ìsọmọlórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ bá tó tí Bàbá kò tíì rí ọmọ náà, àwọn àgbà ilé ọkọ ni yóò fún un ní oríkì tí ó wù wọ́n, oríkì kan ṣoṣo ni ọmọ sì ń gbà. Fóònù tí Bàbá ní lọ́wọ́, onítọ́ọ̀ṣì tí ó ti fi rọ́bà dì, ohùn nìkan ni ó ń gbé.

Ní ọjọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ pè é. Ó ní kí ó lọ ra fóònù tí a ń fi ìka fà lójú, irú èyí tí ènìyàn méjì fi ń rí ara wọn, kì í ṣe olówó ńlá, èyí tí agbára rẹ̀ bá ṣáà ti ká. Ó ní òun yóò gbé ọmọ náà síwájú fóònù Ìbídùn, kí ó wò ó tẹ́rùn, kí ó sì sọ ọ́ lórúkọ. Bàbá ro ọ̀rọ̀ náà síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó rí i pé ẹni tí ó rí ọmọ nínú fóònù ti rí ọmọ. Ó gbà.

Ọmọbìnrin kan ni ó ń ta fóònù nínú ìsọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ó gbé fóònù olówó pọ́ọ́kú kan lé Bàbá lọ́wọ́, ó sì sọ ibi tí ó dára sí. Ènìyàn lè fi rí ẹni tí ó wà lọ́nà jíjìn. Bátìrì rẹ̀ ń lo ọjọ́ méjì, iná ì báà wá, iná ì báà má wá. Ohùn rẹ̀ sì ń ròkè, àgbàlagbà kò ní máa gbé e mọ́ etí. Bàbá ti ń ki ọwọ́ bọ àpò nígbà tí ọmọbìnrin náà ní kí ó dúró ná. Ó ní Bàbá jọ bàbá òun, òun kò ní tàn án. Kámẹ́rà rẹ̀ kò dára, bí ìgbà tí ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà ni àwòrán rẹ̀ ń rí. Àyè inú rẹ̀ kéré, kò lè gba àwòrán púpọ̀. Ike lásán ni ẹ̀yìn rẹ̀. Ó máa ń lọ́ra kí ó tó ṣe ohun tí a bá ní kí ó ṣe. Bí ènìyàn bá pẹ́ lórí ìpè, ó ń gbóná. Kò sì lè gbé àwọn géèmù ńláńlá.

Bàbá yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò. Ó ní òun ń bọ̀.

Nígbà tí ó délé, ó gbé àwo méjì kalẹ̀ níwájú ilé. Ó fi hóró kòkó gbígbẹ mẹ́ta sínú ọ̀kan fún oore fóònù náà, ó fi mẹ́fà sínú èkejì fún àléébù rẹ̀. Ó jókòó tì í, ó ń wò ó. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan yà sọ́dọ̀ rẹ̀, tíṣà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì. Owó fóònù ti tíṣà yìí tó ra alùpùpù. Ó béèrè ohun tí àwo méjì náà wà fún, Bàbá sì ṣàlàyé. Tíṣà mi orí. Ó ní wọn kò tilẹ̀ tíì sọ ìdajì rẹ̀ fún un. Irú fóònù bẹ́ẹ̀ kò mọ ìka ẹni tí ó ni ín yàtọ̀ sí ti olè. Bí omi bá ta sí i, ó parí. Kò sì ní pẹ́ tí àwọn tí ó ṣe é kò ní bójú tó inú rẹ̀ mọ́. Bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ó ń ju hóró kòkó sínú àwo, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta. Ó di mẹ́sàn-án.

Mẹ́sàn-án sí mẹ́ta. Bàbá ní ọ̀rọ̀ ti tán, òun kò rà á mọ́. Ó padà lọ wo àwọn tí ó sàn jù ú lọ, owó wọn sì ju agbára rẹ̀ lọ. Ojoojúmọ́ ni ìyàwó rẹ̀ ń pè é láti mọ̀ bóyá ó ti rà á, ojoojúmọ́ ni ó ń dáhùn pé òun ń wọ̀n ọ́n lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹfà, obìnrin náà kò béèrè mọ́.

Ó ní, “Bàbá Ìbídùn, àwọn àna ti sọ ti ẹnu wọn. Wọ́n ní Àbẹ̀kẹ́ ni àwọn yóò pè é bí ẹ̀yin kò bá sọ̀rọ̀. Ohun tí mo gbọ́ nìyẹn, mo sì ti jẹ́ kí ẹ gbọ́.”

Oúnjẹ kò wọlé fún Bàbá ní ọjọ́ náà. Síbẹ̀, bí ó bá ti wo àwo méjì yẹn, mẹ́sàn-án ni yóò rí, agídí rẹ̀ yóò sì tún dé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ keje, ìyá àgbẹ̀ kan gbé kòkó wá, àpò mẹ́ta. Ó bá Bàbá níbi tí ó ti fajú ro lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ̀. Ó béèrè ohun tí ó ń kà. Bàbá ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ọmọ dé orí tíṣà. Ìyá àgbẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó fi ìdí lé orí àpò rẹ̀ kan.

“Bàbá Oníwọ̀n,” ni ó wí, “àpò mélòó ni mo gbé wá?”

“Mẹ́ta.”

“Ọkọ àbúrò mi kó mẹ́sàn-án wá síbí lánàá. Ó ní òun ni àgbẹ̀ tí ó ta gbogbo wa yọ. Kí ni ẹ wí fún un?”

Bàbá wo òṣùwọ̀n rẹ̀. Ó rántí. Àpò kéékèèké tí èèpo kún inú wọn ni ọkùnrin yẹn kó wá, ó sì ń fi iye wọn yangàn. Bàbá fúnra rẹ̀ ni ó ní kí ó gbé ẹnu rẹ̀ dákẹ́, kí ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ òṣùwọ̀n.

Ìyá àgbẹ̀ ní, “Ẹ̀yin tí ẹ kì í bá ẹnikẹ́ni ka àpò, ẹ wá jókòó, ẹ ń ka hóró.”

Àwọn tí wọ́n tò sẹ́yìn pẹ̀lú kòkó tiwọn bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Bàbá fẹ́ bínú, kò rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbẹ̀ mú hóró kan nínú àwo mẹ́sàn-án, ó gbé e sókè, ó béèrè ohun tí ìyẹn jẹ́. Bàbá ní kámẹ́rà ni, kò dára.

“Ọ̀hún ni ọmọ wà. Fóònù ìyá rẹ̀ ni yóò máa fi ọmọ hàn yín. Ti ọwọ́ yín, ojú tiyín ni yóò máa gbé lọ. Ta ni ó wá ń wá ojú yín?”

Ẹ̀rín pọ̀ sí i. Ó ju hóró náà fún adìẹ. Ó mú ti géèmù, ó béèrè bóyá Bàbá fẹ́ máa ṣeré lẹ́yìn tí ó bá ti wọn kòkó tán. Adìẹ gbé ìyẹn náà mì. Ẹ̀yìn oníke ń kọ́? Bàbá ní ike ni garawa òun náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé orí èyí tí ó ń lọ́ra àti èyí tí ó ń gbóná, ìyá àgbẹ̀ kò jù wọ́n. Ó ní àwọn wọ̀nyí wúwo díẹ̀, kí Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó sì gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú lórí ìpè. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí àwo kejì, ó mú hóró kan níbẹ̀.

“Èyí ni rírí ọmọ. Kí ni ẹ fẹ́ gbé kọ́ tí yóò tó èyí?”

 Bàbá dìde, ó wá bàtà rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi kòkó wọn sílẹ̀, òun ń bọ̀ wá wọ̀n ọ́n.

Fóònù kan ṣoṣo ni ó kù nínú irú rẹ̀ nígbà tí ó dé ìsọ̀. Ọmọbìnrin náà tún fẹ́ sọ ti kámẹ́rà, Bàbá ní òun ti gbọ́. Ó ní kí ó pe Ìbídùn níwájú òun. Ìbídùn gbé e, ojú rẹ̀ yọ, Bàbá sì rí i pé ọmọ òun ti sanra. Ó sanwó.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ mọ́, ó gbé fóònù náà ti ara àpò kòkó kan, ó wọ agbádá rẹ̀, ó sì jókòó síwájú rẹ̀. Kò sí ohun tí ọmọbìnrin oníṣòwò yẹn sọ tí kò ṣẹ. Ó lọ́ra kí ó tó dáhùn. Nígbà tí ó dáhùn, àwọn àna ní ńṣe ni Bàbá dà bí ẹni tí ó jókòó sínú èéfín. Ní àkókò kan, àwòrán rẹ̀ dúró gbagidi lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú ẹnu tí ó yà sílẹ̀, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín títí ó fi tún mira. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ náà wá. Bàbá rí iwájú orí rẹ̀, ó rí ìpéǹpéjú rẹ̀, ó rí bí ó ti di ẹ̀ṣẹ́ sẹ́nu. Ó wò ó tẹ́rùn.

Ó ní, “Àwẹ̀ró.”

Ohùn rẹ̀ ròkè nínú ilé ọ̀hún, ẹni tí ó wà ní yàrá ẹ̀yìn náà gbọ́. Wọ́n ṣe àṣẹ. Nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí gbóná, Bàbá gé àdúrà rẹ̀ kúrú, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀. Àwọn àna rẹ̀ ṣì ń yìn ín fún ìyẹn títí di òní.

Nítorí náà, ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí o ti ń wá ẹni tí o fẹ́ gbà síṣẹ́, gbogbo ẹni tí ó wá ni o sì ti ka àléébù rẹ̀ fún mi. Èyí kò gbọ́ òyìnbó, èyí ń sọ̀rọ̀ jù, èyí kò mọ aṣọ wọ̀. N kò sọ pé o parọ́. Àléébù náà wà, yóò sì yọjú bí o bá gbà wọ́n, kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ tí o fẹ́ fi rán ènìyàn gan-an ni kò lè ṣe, jẹ́ kí ó máa lọ, bí oore rẹ̀ tilẹ̀ tó ọgbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ yẹn ni ó mọ̀, kí ni o ṣì ń kà? Má tíì dárúkọ àléébù ẹnikẹ́ni fún mi ná. Jókòó dáadáa, kí o kọ́kọ́ sọ ohun tí o fẹ́ kí ó bá ọ ṣe.