Ajá Ọdẹ́gbàmí Tó Ń Jẹ Ìpéré

Ọdẹ ni Ọdẹ́gbàmí lábúlé wa, ajá ẹ̀ kan ṣoṣo ló ń bá a lé ẹran. Síbẹ̀ kì í bọ́ ajá yìí. Ó ní ajá tó bá yó á di ọ̀lẹ.

Nígbà òjò, ebi lé ajá lọ sábẹ́ ewé kókò. Ó ń jẹ ìpéré níbẹ̀, àti ìgbín wẹẹrẹ tí ò ní karawun. Ìyàwó Ọdẹ́gbàmí rí i.

"Bàbá Ṣíjú, ẹ fún ajá yìí lóúnjẹ. Ìdọ̀tí ló ń jẹ."

"Ohun tí ajá máa jẹ, Èṣù á ṣe é."

"Òwe yẹn ò sọ pé ohun tí Èṣù bá ṣe á dáa lára ajá."

Ọdẹ́gbàmí rẹ́rìn-ín, ó ń nu ìbọn ẹ̀ lọ.

Kò pẹ́, ajá bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Tó bá sáré díẹ̀, á jókòó, á máa mí gúlegúle. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ jáde nímú ẹ̀ ni wọ́n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

"Bàbá, ṣé ó máa ń jẹ ìgbín?"

"Ó ń jẹ ẹ́."

"Aràn máa ń wà nínú ìgbín míì. Ó ti dé ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀. Màá fún un lóògùn, ó lè yè, àmọ́ ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé e wá. Kò ní lè lé ẹran mọ́."

Ajá yè. Ọdẹ́gbàmí ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Tó bá yìnbọn fún ẹtu báyìí, òun fúnra ẹ̀ ló ń sáré tẹ̀ lé e wọnú ẹ̀gún.