Ìṣó Méje Lára Àwòrán Ìyá

Ọkùnrin ayàwòrán kan wà tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin rí ilé pákó àlòkù kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Wọ́n sọ ọ́ di ilé àfihàn àwòrán. Olówó kankan kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kan páànù, òun náà ni wọ́n fi kun ògiri. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe: ẹni tó bá wọlé kò gbọdọ̀ kàn wòran lọ, yóò gbálẹ̀ tàbí kó kan ìṣó kan.

Àwòrán ìyá ọkùnrin yìí wà níbẹ̀, orí pákó pẹlẹbẹ ló yà á sí, okùn ni wọ́n fi so ó rọ̀ láti àjà. Ìyá ti kú, kò sì ya fọ́tò rí. Ibẹ̀ nìkan ni ojú rẹ̀ kù sí láyé.

Ni obìnrin kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Kì í wo àwòrán, ògiri ló ń wò. Á fi ìka kàn án, á gbé etí lé e. Àwọn ọ̀rẹ́ ní kí wọ́n fún un ní hámà bíi ti gbogbo èèyàn.

Ọkùnrin náà kọ̀. "Ta ló ń fi iná sórí òrùlé sùn? Ó ń wo ilé wa sílẹ̀ fún àwọn olè ni."

Lọ́jọ́ tó rí i tí obìnrin náà dúró pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ìyá rẹ̀, ó rò pé ṣe ló fẹ́ jí i gbé. Ó tú okùn, ó fi ìṣó méje kan àwòrán náà mọ́ ògiri pinpin. Obìnrin náà padà wá, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbọ́ lára ògiri yìí."

"Mi ò fẹ́ gbọ́. Jáde!"

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó fẹ́ nu eruku ojú ìyá rẹ̀. Ìka rẹ̀ wọlé ṣìn-ìn. Ikán ti gba inú ògiri bọ́ sára àwòrán, wọ́n ti jẹ pákó rẹ̀ tán, ọ̀dà nìkan ló kù. Káfíńtà ni obìnrin náà, ó ti ń gbọ́ wọn tipẹ́. Ká ní orí okùn ni àwòrán náà wà, wọn ì bá má dé ibẹ̀. Ọkùnrin náà sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀.

Ìwọ náà, ará mi, o wá bá mi láàárọ̀ yìí pé ìyàwó tuntun tí àbúrò rẹ fẹ́ ń wo kọ̀rọ̀ ilé yín jù, kí n bá ọ lé e. Èmi náà kì í tètè gba èèyàn gbọ́, ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí ọ. Ṣé o ti bi í léèrè ohun tó rí? Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Padà sílé. Kó o tó mú ìṣó, kọ́kọ́ gbé etí lé ògiri rẹ.