Ọ̀pá Tí Wọ́n Fi Na Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ Ọnàwùmí

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ò ṣé fi ọ̀pá na. Gbogbo ènìyàn ló ń pa á lówe, kò sì sí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ ní ohun tó yẹ kó bi. Ta ló fẹ́ fi ọ̀pá na ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀? Ọmọ ọdún mẹ́ta tó bá rí i, ọwọ́ ni yóò fi gbé e, yóò sì mì ín. Àwọn àgbà kì í sì í kìlọ̀ ohun tí ẹnìkan ò ṣe rí. Kò sí ẹni tó ń sọ fún ènìyàn pé kó má fi orí gún iyán. Bí wọ́n bá ní kò ṣé fi ọ̀pá na, á jẹ́ pé ẹnìkan ti nà án. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú Òkè-Agbè tó ń jẹ́ Ọnàwùmí. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe, ó sì mọ méjèèjì. Ó ń fín igbá, ó sì ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bó bá fín alángbá sára igbá, adìyẹ á sáré wá ṣá a jẹ. Bó bá ju ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sókè, tó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdí rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀, arúgbó tó ní orúnkún ń dun òun á dìde.

Sùúrù rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbin agbè tó fi ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Á fi ọ̀pá ti ìtàkùn rẹ̀ kí èso má baà fara kan ilẹ̀. Bó bá já a, á rì í sómi títí inú rẹ̀ á fi jẹrà. Òórùn rẹ̀ á gba àdúgbò, àwọn ará ilé á máa bú u, kò ní kánjú. Lẹ́yìn náà á fọ inú rẹ̀ mọ́, á gbé e sí ibòji kí oòrùn má baà là á. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá fẹ́ fi èèkù ọ̀bẹ kàn án wò bóyá ó ti gbẹ, á gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọwọ́," á wí. "Ọwọ́ nìkan. Kò fẹ́ igi."

Obìnrin ni àkọ́bí rẹ̀, Àwẹ̀ró. Kò kọ́ ọmọ mìíràn bó ṣe kọ́ ọ. Nígbà tí Àwẹ̀ró fi máa tó ẹni tó ń lọ sílé ọkọ, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń jáde.

Ní ọdún kan, wọ́n pè wọ́n sí ọdún ìjẹṣu ní ààfin ìlú Arélù. Ọnàwùmí kọ́kọ́ lù, wọ́n yìn ín. Àwẹ̀ró gba ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó lù ú bí bàbá rẹ̀ ṣe ń lù ú. Lẹ́yìn náà ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí. Ó fi ọrùn ọwọ́ ọ̀tún yí i lójijì, gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó ń jó sì dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan nílẹ̀. Ó tún tú wọn sílẹ̀. Gbogbo agbo dìde, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè.

Olorì Arélù ní, "Ọnàwùmí, ẹ lè sinmi báyìí. Ọmọ yín ti gbà á lọ́wọ́ yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọnàwùmí náà rẹ́rìn-ín.

Òun àti Àwẹ̀ró padà sílé. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé wọn, níbi tí àwọn agbè ti ń so, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?"

"Èwo, Bàbá?"

"Èyí tó o fi dójú tì mí."

Àwẹ̀ró rò pé eré ni. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, Bàbá. Èyí tó kù ni mo kọ́ ara mi."

Ọnàwùmí fa ọ̀kan yọ nínú àwọn ọ̀pá tó fi ti ìtàkùn. Ìyá Àwẹ̀ró ń bọ̀ láti odò. Ó rí i, ó rò pé ó fẹ́ tún ọ̀pá náà rì ni. Àwẹ̀ró gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè láti fi bo ojú. Ọ̀pá bà á ní ọrùn ọwọ́, ó dún bí ìgbà tí ẹ̀ka gbígbẹ bá dá. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Ìkòkò omi bọ́ lórí ìyá. Ọnàwùmí ń wo ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló fi í lé e lọ́wọ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti wá ọ̀rọ̀ sí i: Àwẹ̀ró já bọ́ láti orí àkàbà níbi tó ti ń ká agbè. Ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ fún ẹni tó wá to eegun. Bàbá rẹ̀ dúró tì wọ́n, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwẹ̀ró wo àwọn méjèèjì, ó dákẹ́. Eegun náà so pọ̀, àmọ́ ó wọ́. Ó lè fi ọwọ́ náà gbá ilẹ̀, ó lè fi di ìró. Kò lè yí ọrùn ọwọ́ náà mọ́.

Arélù náà ni Àwẹ̀ró ti rí ọkọ fẹ́. Lọ́dọọdún, Ọnàwùmí á fín igbá kan, á fi ránṣẹ́ sí i. Kò sí irú àwọn igbá yẹn ní gbogbo agbègbè náà. Ẹja wà lára wọn, ẹyẹ wà, alángbá wà. Igbá ló ń fi ránṣẹ́. Kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu ránṣẹ́ rí. Àwẹ̀ró ń fi wọ́n bu oúnjẹ fún adìyẹ, àwọn adìyẹ á jẹ oúnjẹ tán, wọ́n á máa ṣá alángbá.

Ọnàwùmí darúgbó, ó kú. Òkú àgbà ni, tìlù tìfọn ni wọ́n fi sin ín. Ilé wọn sì ní òfin kan. Bí oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá kú, àkọ́bí rẹ̀ gbọ́dọ̀ lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ olóògbé lójú agbo kí wọ́n tó gbé e kọ́ àjà. Bí kò bá lù ú, ẹnikẹ́ni nínú ilé náà kò gbọ́dọ̀ lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ yìí ni Ọnàdìran, àbúrò Àwẹ̀ró, fi ń bọ́ ọmọ.

Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kúforíjì dìde láti sọ̀rọ̀ nípa òkú. Bí ẹnikẹ́ni bá kú ní Òkè-Agbè, òun ni wọ́n ń pè, ẹnu rẹ̀ dùn.

"Ọwọ́ Ọnàwùmí, òwú ni," ó ní. "Ọwọ́ tí kò na ewúrẹ́ rí. Ọwọ́ tí kò gbé sókè sí ọmọ ẹnikẹ́ni títí ó fi wọlẹ̀. Àwẹ̀ró, dìde. Fi ọwọ́ tó o jogún lára bàbá rẹ lù ú fún wa."

Àwẹ̀ró kò dìde.

Ọnàdìran dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kàn mì ín díẹ̀. Ẹ wo ti àwọn ọmọ mi."

"Àbí torí o já lórí àkàbà nígbà èwe," Kúforíjì ní, "lo ṣe máa já bàbá rẹ kulẹ̀?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá Àwẹ̀ró, tó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, fà á láṣọ. "Fi bò ó, ọmọ mi. Ó ti lọ."

"Ọwọ́ wo ni kí n fi lù ú, Ìyá?" Gbogbo agbo ló gbọ́ ọ. Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Lọ fa ọ̀pá agbè kan wá lẹ́yìnkùlé."

Ọnàdìran rò pé ó fẹ́ fi tilẹ̀ dìde ni. Ó sáré lọ mú un wá. Àwẹ̀ró gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bàbá rẹ̀ sórí ẹní, ó fi ọwọ́ òsì di ọ̀pá náà mú.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Kúforíjì ní. "Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ò ṣé fi ọ̀pá na."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ, Bàbá. Kí àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Kúforíjì lẹ́nu. Ó gbé ohùn sókè. "Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ò ṣé fi ọ̀pá na."

Àwẹ̀ró nà án. Agbè tí Ọnàwùmí ti ń lù láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ fọ́ yángá. Ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀ tú ká gbogbo agbo, kò sí ọmọdé tó sáré ṣa á.

"Bàbá mi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀," Àwẹ̀ró ní. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ká apá aṣọ rẹ̀ kí wọ́n lè rí ibi tí eegun ti wọ́. "N ò já lórí àkàbà kankan."

Gbogbo ojú yí sí ìyá arúgbó. Wọ́n ń retí pé kó ní irọ́ ni. 

"Ojú mi ló ṣe," ó ní. "Èmi ni mo pa irọ́ àkàbà."

Kúforíjì ṣì wà lórí ìdúró. Ó wá jókòó. Àwọn tó ti gbé ọwọ́ sókè láti pàtẹ́wọ́ fún un tẹ́lẹ̀ fi ọwọ́ wọn pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

Baálé ilé dìde. Ó wo Ọnàdìran tó ti kúnlẹ̀ láàárín àfọ́kù. "Àkọ́bí ti lù ú lójú agbo," ó ní. "Ó sì dún. Ẹ ṣa á, kí ẹ gbé e kọ́ àjà." Àfọ́kù ni wọ́n gbé kọ́ àjà.

Lónìí, àwọn ènìyàn ńlá ló ń fi òwe yìí gba ara wọn sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá jalè, tó lóyè, wọ́n á ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ò ṣé fi ọ̀pá na. Kì í ṣe tiwọn. Ọ̀rọ̀ ọmọ kan ni, ọmọ tó fi ọrùn ọwọ́ mú gbogbo ààfin dákẹ́, tí kò sì lè ṣe é mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ò ṣé fi ọ̀pá na. Ẹni tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù lọ nílùú náà ló nà án.