Ibi Tí Ọyátọ́gùn Fi Àlejò Rẹ̀ Sí

Ọyátọ́gùn fẹ́ràn àlejò púpọ̀, ṣùgbọ́n bí àlejò bá ti lè wọ ọgbà rẹ̀, àṣẹ bọ́ lọ́wọ́ àlejò nìyẹn. Òun ni yóò sọ ibi tí yóò jókòó àti ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀. Àwọn ará abúlé ń fara dà á, nítorí ahun kọ́ ni.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kan, ó bẹ ẹbí àti ará lọ́wẹ̀ kí wọ́n wá bá òun ṣe òrùlé ilé tuntun tí ó kọ́ fún ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ arúgbó náà ti rọ, kò lè dá dìde. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti fi koríko bo ilé náà tán, wọ́n sì ti gbé ìyá wọlé. Ó wá ku oúnjẹ.

Ọjẹ́dìran àti Bámgbọ́pàá wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti jà nítorí ààlà oko, wọn kì í kí ara wọn. Ọyátọ́gùn ní dandan ni kí wọ́n jọ jẹun nínú àwo kan.

“Olówó orí mi,” Àwẹ̀ró aya rẹ̀ rọra wí, “ẹ jẹ́ kí kálukú jókòó síbi tí ara ti rọ̀ ọ́.”

“Ilé ta ni wọ́n wà?” ni ó fi dá a lóhùn.

Wọn kò tíì bu òkèlè kẹta tí ọ̀rọ̀ ààlà fi dìjà. Ọjẹ́dìran fa igi iná yọ nínú ààrò, ó sọ ọ́ lu Bámgbọ́pàá. Ìyẹn yẹ̀ ẹ́, igi náà bà lé òrùlé kí ó tó yí bọ́ sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn dìde.

“Ẹ jẹ́ kí n gòkè wò ó,” ni Bámgbọ́pàá wí. “Ó dà bíi pé ẹyinná há sínú koríko.”

Àsè tó fẹ́ dàrú ló ń dun Ọyátọ́gùn ní tirẹ̀. “Ẹ padà síbi tí mo fi yín sí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde títí n ó fi dé.”

Wọ́n jókòó. Onílé ló sọ̀rọ̀, ta ni yóò ta kò ó? Ó lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ lẹ́yìnkùlé, emu sì gbé e sùn.

Igbe Àwẹ̀ró ló jí i. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti sọ ẹyinná náà di iná ńlá lójijì, òrùlé ti jìn, kò sí ẹni tó lè wọlé mọ́. Ọjẹ́dìran di apá Ọyátọ́gùn kan mú, Bámgbọ́pàá di èkejì, kí ó má baà kó sínú iná, títí ohùn ìyá fi dákẹ́.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.